Ta Ló Gbá Bọ́ọ̀lù Dáadáa? Ohun Tí Ìwé Ìṣirò Kì í Sọ

Bí eré bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì bá parí ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, eré mìíràn a bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: eré ìdájọ́. Kí òógùn tó gbẹ lára àwọn tó sáré, àwọn olólùfẹ́ ti ń pín máàkì. Wọ́n á ní lágbájá yege, tàmẹ̀dù fìdí rẹmi, ẹni báyìí kò tún gbọdọ̀ wọ aṣọ ikọ̀ náà mọ́. Àwọn tí à ń dá lẹ́jọ́ yìí kì í ṣe àgbà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún sí mẹ́tàlélógún ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ṣì ń jókòó ṣe ìdánwò bí akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Láti ọdún 2021 tí àjọ NCAA ti gbà wọ́n láyè láti máa rí owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, ìdájọ́ náà ti kan àpò pẹ̀lú. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a mú eré kan ṣoṣo, kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí a lè mọ bí a ṣe ń dá irú ẹjọ́ yìí láìṣe àbòsí.

Eré tí a ó yẹ̀ wò

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ikọ̀ Yunifásítì Michigan lọ bá ikọ̀ Ohio State nílé wọn ní ìlú Columbus. Ọdún 1897 ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé, ọ̀tá tó wà láàárín wọn kò sì tíì rọlẹ̀ títí dòní. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò sí ẹni tó tíì na èyíkéyìí nínú wọn kí wọ́n tó pàdé. Nígbà tí wọ́n máa fi lọ sinmi, Ohio State ló ń léwájú pẹ̀lú àmì 20 sí 17. Ní abala kejì, Michigan gba 28, Ohio State gba 3 péré. Eré parí sí 45 sí 23.

Fún ẹni tí eré yìí ṣàjèjì sí: ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú tó yáàdì mẹ́wàá. Wọ́n lè gbé e sáré, wọ́n sì lè jù ú. Ẹni tó sábà máa ń jù ú ni wọ́n ń pè ní quarterback. Ẹni tó bá gbé e dé ìpẹ̀kun pápá alátakò ti gba touchdown nìyẹn, àmì mẹ́fà sì ni iye rẹ̀.

Ohun tí ìṣirò fi hàn, àti ohun tó fi pamọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn quarterback méjèèjì. C.J. Stroud ti Ohio State ju bọ́ọ̀lù nígbà 48. 31 bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ yáàdì 349. J.J. McCarthy ti Michigan jù ú nígbà 24; 12 péré ló dé ibi tó ń lọ, fún yáàdì 263. Ẹni tó bá ka èyí nìkan yóò ní Stroud ló tayọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pín yáàdì sí iye ìgbà tí wọ́n jù ú, ti McCarthy fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti Stroud sì lé díẹ̀ ní méje. Ìṣirò kan náà ni, ẹjọ́ rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ má tíì dìde. Nínú yáàdì 263 tí McCarthy ní, 189 ló ti inú ìjù mẹ́ta péré wá: yáàdì 69, 75 àti 45, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì di touchdown. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù bí Michigan ṣe máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ń ba Ohio State, wọ́n sì kó èèyàn púpọ̀ wá síwájú láti dí ọ̀nà náà. Ẹ̀yìn wọn wá ṣófo. McCarthy yẹ fún ìyìn, nítorí ó rí àlàfo náà, ó sì ju bọ́ọ̀lù sí i. Síbẹ̀, òun kọ́ ló dá àlàfo náà sílẹ̀. Àwọn tó ti ń fi sísáré dẹ́rù ba àwọn alátakò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló dá a sílẹ̀, àti àwọn tó ń la ọ̀nà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ Donovan Edwards tún wà níbẹ̀. Orúnkún ń dun Blake Corum, àgbà asáré Michigan, Edwards ló sì bọ́ sí ipò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n di ọwọ́ òun náà kan nítorí ìpalára. Ó sáré nígbà 22, ó kó yáàdì 216 jọ, ó gba touchdown méjì. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì mẹ́wàá lójú sísá kọ̀ọ̀kan, ohun ìyanu gidi. Ṣùgbọ́n touchdown méjèèjì náà, tó wáyé nígbà tí eré ń lọ sópin, jẹ́ yáàdì 75 àti 85. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, 20 ni ìgbà tó ṣẹ́ kù, yáàdì 56 péré ló sì wà nínú wọn. Kò tó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé oríire lásán ni ti Edwards nígbà náà? Rárá o. Ẹni tó fi orí sọ ògiri nígbà ogún, tí kò sì yé sáré, ló wà nílé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ḿbà kan ṣoṣo kò lè ru ẹrù eré odindi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọmọ Yorùbá tí ìwé kò dárúkọ

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù nínú eré náà dúró ní àárín gbùngbùn ìlà iwájú Michigan. Olúṣẹ́gun Olúwatìmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ẹ yẹ ìwé ìṣirò wò láti òkè délẹ̀, ẹ kò ní rí yáàdì kan tí wọ́n kọ mọ́ ọn lórúkọ. Kò ju bọ́ọ̀lù, kò gbé e sáré, kò sì gba touchdown.

Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń ti àárín ẹsẹ̀ fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí quarterback lẹ́yìn. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ka bí àwọn alátakò ṣe tò, kó sì sọ fún àwọn mẹ́rin tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ẹni tí oníkálukú yóò dojú kọ. Ó ń ṣe èyí níwájú èrò tó ju 100,000 lọ, tí wọ́n ń pariwo kí ohùn rẹ̀ má bàa dún. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó di kí òun àti géńdé tó wúwo ju kìlógíráàmù 130 lọ forí gbárí. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo èèyàn á rí i. Bó bá ṣe é ní àṣeyọrí nígbà ọgọ́ta, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹni tó mọ ìlù dùndún yóò yé ohun tí mò ń wí. Ìyáàlù là ń ná owó fún, nítorí òun ló ń fọhùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìlù kéékèèké tó ń di ìdí rẹ̀ mú bá ṣìṣe, ìyáàlù kò ní rí ẹsẹ̀ tó máa dúró lé sọ̀rọ̀.

A dúpẹ́ pé àwọn olójú inú kò sùn. Lọ́dún náà, Olúwatìmí gba ẹ̀bùn Rimington, ti ẹni àárín tó dára jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ó tún gba ẹ̀bùn Outland, tí wọ́n ti ń fún àwọn akin irú rẹ̀ láti ọdún 1946. Ìlà iwájú Michigan lápapọ̀ sì gba ẹ̀bùn Joe Moore fún ọdún 2021 àti 2022 tẹ̀léra. Gbogbo ìlà ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn yẹn, wọn kì í fún ẹnì kan ṣoṣo. Ojú tó ń wòran dáadáa ló mú wọn yẹ fún un.

Bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń dá a

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í fi ariwo pápá dájọ́. Lẹ́yìn eré, wọ́n á jókòó ti fídíò, wọ́n á wo ìgbésẹ̀ kan náà léraléra, agbábọ́ọ̀lù kan lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè wọn kì í ṣe "Kí ló ṣẹlẹ̀?" bí kò ṣe "Kí ni iṣẹ́ tí a rán an, ṣé ó sì jẹ́ ẹ?" Ilé iṣẹ́ Pro Football Focus náà ń lo irú ọ̀nà yìí: wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti orí méjì tó ń dín títí dé orí méjì tó ń lé, kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀ pọ̀. Tiwọn náà ní ààlà, nítorí ará ìta kò sí níbi tí wọ́n ti pín iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré

Lẹ́yìn ìyà Columbus, ọ̀pọ̀ ní Stroud kò lè dúró nínú eré ńlá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, ó dojú kọ Georgia tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú. Ó ju yáàdì 348 àti touchdown mẹ́rin, Ohio State sì fi àmì kan ṣoṣo pàdánù, 42 sí 41. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, McCarthy tí gbogbo ayé ń yìn ju bọ́ọ̀lù méjì sọ́wọ́ àwọn ọmọ TCU, wọ́n sì gbé méjèèjì sáré di touchdown. TCU na Michigan, 51 sí 45. Ṣé akin ti di ọ̀lẹ, tí ọ̀lẹ sì di akin, láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Ẹ̀dá kan náà ni wọ́n. Àwa tó ń fi eré kan pín oyè fún wọn lọ̀rọ̀ kàn.

Nítorí náà, nígbà tí eré mìíràn bá parí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ẹni yìí? Ta ló la ọ̀nà fún un, tàbí ta ló dí i? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí i kí n tó sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù yìí lókè òkun, tó sì jẹ́ pé ìlà iwájú ni wọ́n fi í sí, ẹ má ṣe bi í ní iye touchdown tó gbà. Ẹ bi í pé ta ló dojú kọ lónìí, kí ẹ sì jókòó, kó fẹnu ara rẹ̀ ròyìn bó ṣe dì í mú.