Ilé-Iṣẹ́ Kú, Ẹ̀yà Kò Kú: Ọ̀rọ̀ Lórí Pọ́ǹpù Epo Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí òwe yìí ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọkọ̀. Ẹni tí ó lówó lè ra ọkọ̀ tuntun lónìí, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ lo 60 ọdún kí ó sì máa rìn, ìtọ́jú ni ń ṣe é. Ní Ìlú Ọba, Morris Minor, MGB, Jaguar àti Austin-Healey àtijọ́ ṣì ń rìn lójú títì. Àwọn àgbà nínú àwọn òǹkàwé wa kò ní gbàgbé Morris Minor, nítorí ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn tíṣà àti akọ̀wé ìjọba ń gùn ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú òmìnira 1960 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú tiwa ti di irin jíjẹrà. Tiwọn ń rìn. A fẹ́ kí a jọ wo ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí, a ó sì fi ẹ̀yà kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni pọ́ǹpù tí ń fa epo bẹntiróòlù láti inú táǹkì lọ sí ẹ́ńjìnnì.

Orúkọ tí ó gbajúmọ̀ lára irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ ni SU. Lẹ́tà méjì náà túmọ̀ sí Ìṣọ̀kan àwọn Skinner, nítorí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ń jẹ́ Skinner ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. William Morris, ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ Morris, rà á ní 1926. Iṣẹ́ pọ́ǹpù náà kò lọ́jú pọ̀. Bí iná bátìrì bá gba inú wáyà tí a wé kọjá, wáyà náà á di òòfà, á sì fa irin kan tí awọ rọ́bà so mọ́. Bí awọ náà ti ń súnra sẹ́yìn ni ó ń fa epo wá láti inú táǹkì. Nígbà tí ó bá fà á dópin, ẹnu póìntì á là, iná á já, sípíríǹgì á sì ti awọ náà padà kí ó lè ti epo lọ sí kabúrétọ̀. Póìntì á tún pàdé, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Èyí ni ó fa ìró kọ́-kọ́-kọ́ tí àwọn awakọ̀ mọ̀ dunjú. Bí kabúrétọ̀ bá kún, ìró náà á dákẹ́. Bí ó bá ń kọ́ lemọ́lemọ́ tí kò dákẹ́, epo ti tán nínú táǹkì, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré àwọn ọlọ́rọ̀ lásán ni wíwá ojúlówó ẹ̀yà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ibi tí bẹntiróòlù bá ti ń jò nítòsí iná, ẹ̀mí wà nínú ewu. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, epo tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ní ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí í ṣe ọtí líle, tó ìdá 10 nínú 100. Ọtí yìí a máa ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Awọ pọ́ǹpù tí kò yọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún lè là láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ayédèrú ẹ̀yà nítorí owó pọ́ọ́kú, iná ni ó ń fi owó rẹ̀ rà.

Báwo wá ni a ti í wá ojúlówó? Nọ́ńbà ni a kọ́kọ́ ń wá. Ilé-iṣẹ́ SU a máa kọ nọ́ńbà sára pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan. AUA 66 ni ti Morris Minor, AUF 300 sì jẹ́ ti MGB. Lẹ́yìn èyí, kí a wo bí a ti so bátìrì, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni a so ẹnu ríròpọ̀ bátìrì wọn mọ́ ara ọkọ̀, òdì kejì bí a ti ń ṣe é lóde òní. Pọ́ǹpù olópòóìntì àtijọ́ kò ka èyí sí, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi ẹ̀rọ ìgbàlódé rọ́pò póìntì inú wọn lè bàjẹ́ bí a bá so wọ́n lódì.

Àwọn kan a máa lọ sí ọjà ńlá tí a ń ná ní Beaulieu láti 1967, níbi tí a ti ń pàtẹ ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n lè rí pọ́ǹpù tí a kò tí ì lò rí, tí ó ṣì wà nínú páálí tí ilé-iṣẹ́ fi dì í. Ṣùgbọ́n kí olùrà ṣọ́ra! Irin a máa dúró de ènìyàn, rọ́bà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Awọ tí ó ti wà nínú páálí fún 50 ọdún ti gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ọlọ́gbọ́n a máa tọ́jú ara irin àti wáyà rẹ̀, a sì fi tuntun tí a ṣe bí ti àtètèkọ́ṣe rọ́pò awọ, póìntì àti fáàfù.

Níbo ni tuntun náà ti ń wá? Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Ilé-iṣẹ́ Morris darapọ̀ mọ́ Austin ní 1952. Wọ́n di British Leyland ní 1968. Gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn títí ìjọba fi gbà á ní 1975. MG Rover tí ó ṣẹ́kù sì wó lulẹ̀ ní 2005. Síbẹ̀, pọ́ǹpù kò bá wọn kú. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Burlen ní ìlú Salisbury gba orúkọ SU àti ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. A dáwọ́ ṣíṣe MGB dúró ní 1980, ṣùgbọ́n ní 1988 a tún fi irinṣẹ́ àtijọ́ tẹ ara rẹ̀ tuntun jáde. Olówó ń yí padà. Ẹnikẹ́ni kò da àwòrán iṣẹ́ àti irinṣẹ́ sínú ààtàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ẹ̀rọ omi mélòó ni ó dúró sí ìlú wa nítorí ẹ̀yà kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́? Mẹkáníìkì àgbà mélòó ni ó ti wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú ìmọ̀ tí ẹnìkan kò kọ sílẹ̀? Ìjọba tuntun a máa dé, a sì pa ìwé ìjọba àná tì, bí ẹni pé ọ̀tá ni ó kọ ọ́. Ẹgbẹ́ lè bá ẹgbẹ́ jà. Ẹ̀rọ omi kò ní ẹgbẹ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọmọ láti ya àwòrán ohun tí ó tú palẹ̀, kí ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dì í padà. Kí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó bá ra ẹ̀rọ gba ìwé ẹ̀yà rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi pamọ́ síbi tí ẹni tí yóò rọ́pò wọn yóò ti rí i. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.