Kí Fíìmù Wa Tó Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé, "Ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn ni?" A ti bẹ̀rẹ̀ o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń ṣètò kí a tó gbé fóònù láti ya ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe.

"Kọ́kọ́rọ́" ni orúkọ fíìmù náà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì sọnù, ọmọ kan sì wà nínú yàrá náà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nípàdé àkọ́kọ́, àwọn kan ní ká po àwọ̀ pupa ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo ní rárá. Ohun tí a ò rí ló ń dẹ́rù bani jù. Bí iná bá lọ lálẹ́, tí o gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí lo rí? O ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ àyà rẹ á já.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ la kọ́kọ́ ṣètò. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la ó máa ya fíìmù, nígbà tí òjìji bá gùn lára ògiri. Nínú yàrá, tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo la ó lò. Ṣùgbọ́n fóònù a máa fẹ́ sọ òkùnkùn di ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, àwòrán á wá rí wúruwùru. Ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, kí ẹ má tètè gbé e kúrò, kò ní yí padà mọ́. Ní ti àwọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ pupa. Okùn ara kọ́kọ́rọ́ nìkan ni yóò pupa, kí ojú lè máa wá a kiri.

Ó wá ku ibi tí orúkọ ti ń jáde. Lọ́dún 1960, Alfred Hitchcock ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Psycho. Saul Bass ló ṣètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìlà tó ń sáré kọjá, tó ń gé orúkọ sí wẹ́wẹ́. A ò rí èèyàn kankan níbẹ̀, àfi ìlà, orúkọ àti orin, síbẹ̀ ọkàn èèyàn ò ní balẹ̀. Àwa ò ní kọ̀ǹpútà tó lè ṣe irú ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. A ó kọ orúkọ sára pátákó, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ọwọ́ kan á wá fi dọ́sítà nù ún kúrò. Kò ní sí orin, ìró dọ́sítà nìkan ni. Gbogbo rẹ̀ ò gbọdọ̀ pé ìṣẹ́jú kan.

Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Àwọn òṣèré ló máa ń ṣíwájú, orúkọ olùdarí ló sì sábà máa ń kẹ́yìn. Èmi ni olùdarí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa kan ló ya àwòrán gbogbo ìran fíìmù náà sínú ìwé kékeré, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn kan ní ká yọ orúkọ rẹ̀, ṣebí kò sí níbí mọ́, ta ló máa mọ̀? Kí n má purọ́, èmi náà gbà. Lọ́jọ́ tí a dán kámẹ́rà wò, a gbàgbé ìwé yẹn sílé. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ńṣe la kàn ń wojú ara wa.

Nítorí náà, orúkọ rẹ̀ ló máa kẹ́yìn, tèmi á ṣíwájú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn á na dọ́sítà sí i, á sì dúró. Kò ní nù ún. Ẹ ó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ìlẹ̀kùn, fíìmù á bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn táàmù yìí ni, nínú gbọ̀ngàn ńlá, bí NEPA bá gbà fún wa. Ẹ tètè dé o! Ẹni tó bá pẹ́ ò ní rí orúkọ kankan.