Kí Màmá Má Bàa Dúró Sínú Mọ́tò: Ìgbafẹ́ Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Kò Gbé Dáadáa Mọ́

Ká ní ìdílé kan fẹ́ gbéra ní Lánlátẹ̀ nílẹ̀ Ìbàràpá láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n gba Igbó-Ọrà kọjá lọ wo àpáta Òlúmọ ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ ti wọlé láti Ìbàdàn àti Èkó lálẹ́ àná. Wọ́n ti din ẹran, wọ́n ti kó omi sínú kúlà, àwọn ọmọ-ọmọ sì ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ku ìyá àgbà. Ó ti ró aṣọ, ó ti wé gèlè, ó di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á rọra sọ̀rọ̀: "Màámi, ṣé ẹ ò ní kúkú sinmi nílé? Òkè pọ̀ níbẹ̀ o." Màmá á ní kò burú. Á padà wọlé, á tú gèlè.

Bí wọn ò bá fi í sílẹ̀ nílé, wọ́n lè gbé e dé ìdí àpáta, kí wọ́n ṣí fèrèsé mọ́tò, kí wọ́n fi omi inú ike lé e lọ́wọ́, kí wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ó lè tó wákàtí méjì kí wọ́n tó dé.

Àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn ìyá wọn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọn kò béèrè ohunkóhun kí wọ́n tó ṣáná sí ọkọ̀. Ilé wo ni kò sí ẹni tí làkúrègbé mú ní orúnkún, tàbí ẹni tí rọpárọsẹ̀ fi apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ láìlágbára, tàbí ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe léṣe tí eegun rẹ̀ kò tò bó ṣe yẹ? Gbogbo wọn ló ṣì fẹ́ rí ayé. Ètò tó dára lè gbé wọn dé ibẹ̀, kí ó sì gbé wọn padà láyọ̀.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ṣe ìgbafẹ́ lọ sí Nọ́wè, Swídìn àti Dẹ́ńmáàkì ti sọ bíbéèrè kí wọ́n tó gbéra di ohun tí wọn kì í fojú fò. Ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń gbéra ní Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sì pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ̀ wọ́n. Bí ọmọ Ìbàràpá kan tó ń gbé ní London bá fẹ́ mú ìyá rẹ̀ rin irú ìrìn àjò yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ máa dé, ṣé yóò sún mọ́ èbúté tí wọ́n á fi kàn tẹ afárá bọ́ sílẹ̀ ni, àbí yóò dúró láàárín omi, kí ọkọ̀ kékeré máa wá kó èrò lọ sébùúté? Ìyàtọ̀ méjèèjì pọ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Láti inú ọkọ̀ ńlá bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ nígbà tí omi ń gbé ọkọ̀ sókè sódò. Bí ìgbì bá le, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè sọ pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò ní lè sọ̀ lọ́jọ́ náà rárá, bí ó tilẹ̀ ti sanwó.

Geiranger ní Nọ́wè jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ìlú kékeré ni, níbi tí omi òkun ti gba àárín òkè gíga-gíga wọlé. Láàárín omi ni ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí níbẹ̀, títí wọ́n fi ṣe afárá kan tó léfòó lórí omi lọ́dún 2013, tí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀ láti inú ọkọ̀ dé etí omi. Ní Bergen, ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ti ń gun òkè Fløyen láti ọdún 1918. Àárín ìgboro ló ti ń gbéra, ó ń gbé èèyàn dé ibi tó ga tó mítà 320 sí òkun, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ sì lè wọ̀ ọ́. Ní Stockholm, olú ìlú Swídìn, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ sórí ọkọ̀ ogun Vasa, ọkọ̀ tó rì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbéra lọ́dún 1628, tí wọ́n sì fà jáde nínú omi lọ́dún 1961. Lífìtì wà nínú ilé náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà yẹn, òkúta róbótó-róbótó ni wọ́n tò sójú ọ̀nà àdúgbò àtijọ́, táyà kẹ̀kẹ́ arọ á máa há, kókósẹ̀ á máa yẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ á yan ilé Vasa, á fi ojú ọ̀nà olókùúta sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: wọn kì í kàn béèrè pé "ṣé ibẹ̀ dára?" Wọ́n máa ń béèrè pé "báwo ni ẹsẹ̀ ṣe máa dé ibẹ̀?" Ìbéèrè kan náà ló yẹ kí àwa náà máa bi ara wa nílé.

Ẹ wo Àgbádárìgì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ gan-an la ti lè rí i nílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ dé erékùṣù Gberefu, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú lọ sókè òkun, gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, kí ó sì tún fẹsẹ̀ rin iyanrìn títí dé etí òkun. Iyanrìn a máa gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ mì, kẹ̀kẹ́ arọ kò sì lè yí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àgbádárìgì kò mọ sí Gberefu. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ lọ́dún 1845, wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú ní Vlekete àti ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí ní àgbàlá Séríkí Abass náà wà nínú ìlú. Ìyá àgbà lè wo ìwọ̀nyí láìdé orí omi, kí ó sì gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò káàkiri. Àwọn tó fẹ́ sọdá sí Gberefu lè sọdá, bí ẹnìkan bá ti dúró ti màmá.

Òlúmọ ńkọ́? Àpáta yìí ga tó mítà 137 sí òkun, òun ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà ogun nígbà tí wọ́n tẹ̀ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830. Lọ́dún 2006, nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n ṣe lífìtì sí i, kí ẹni tí kò lè gun òkè má bàa dúró sísàlẹ̀. Iná ló ń gbé lífìtì, gbogbo wa la sì mọ bí iná ṣe rí. Torí náà, kí wọ́n tẹ ibẹ̀ láago láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ gan-an, kí wọ́n béèrè pé: "Ṣé lífìtì ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ṣé jẹnẹrétọ̀ wà? Àtẹ̀gùn mélòó ló kù lẹ́yìn tí lífìtì bá gbé èèyàn dúró?" Àwọn ihò tí àwọn obìnrin ayé ogun ti ń lọ nǹkan jíjẹ wà lórí àpáta náà, kò sì sí ẹni tó máa wo ihò yẹn bí ìyá tó ti fi ọlọ lọ ata fún ogójì ọdún. Ojú tí yóò fi wò ó yàtọ̀ sí ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ya fọ́tò.

Àwọn òkè kan wà tí kò sí ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àtẹ̀gùn Ìdànrè jẹ́ 660. Ti Adó-Àwáyè, lọ́nà Ìsẹ́yìn, níbi tí adágún wà lórí òkè, wọ́n ní ó jẹ́ 369. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní gun èyíkéyìí nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìtìjú tì í lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè wo òkè láti ìsàlẹ̀, bí a bá wá ibòji àti àga tó ní ìfẹ̀yìntì, tí ẹnìkan sì jókòó tì í tó mọ ìtàn ibẹ̀.

Ọdún 2005 kan náà ni àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo àti àwọn omi àárín òkè ti Nọ́wè, tí Geiranger wà nínú wọn, sára ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní oṣù Ògún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, èrò á kún igbó náà bí omi, ẹni tó ń ti ọ̀pá kò sì ní rí ibi fẹsẹ̀ lé. Ọjọ́ mìíràn nínú ọdún ló dára fún un, láàárọ̀, nígbà tí igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Kí wọ́n ṣọ́ gbòǹgbò igi àti ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Bákan náà ni ọdún ìbejì ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2018: kí wọ́n dé kí èrò tó dé, kí wọ́n sì wá àyè sí eteetí kánópì, níbi tí wọ́n á ti rọrùn láti dìde jáde.

Ẹni bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè tó yẹ kí á bi ẹni tó ń tọ́jú ibi tí a fẹ́ lọ kò pọ̀. Báwo ni ibi tí mọ́tò máa dúró ṣe jìnnà tó sí ibi tí a fẹ́ wò? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà, ṣé irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ṣé sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀, àbí iyanrìn? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn ń jókòó sí, àbí èyí tí a ń lóṣòó sí? Ibo la ti lè jókòó nínú ibòji? Ìbéèrè ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ni ìtìjú kì í jẹ́ kí a béèrè, òun ló sì máa ń ba ọjọ́ jẹ́. Àgbàlagbà tó mọ̀ pé òun kò ní lè lóṣòó kò ní mu omi láti àárọ̀, oòrùn á sì mú un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn a sì máa mú kéèyàn tọ̀ léraléra. Kí wọ́n má dáwọ́ oògùn dúró o. Kí wọ́n bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì nípa àsìkò tó yẹ kó lò ó lọ́jọ́ ìrìn àjò.

Nípa wíwọ mọ́tò, àpótí kékeré tí a fi ń jókòó ro ọkà tó. Kí wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà mọ́tò, kí wọ́n fẹsẹ̀ dán an wò kó má mì. Kí màmá tẹ orí rẹ̀, kí ó kọ ẹ̀yìn sí ìjókòó, kí ó jókòó tán kí ó tó kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ìjókòó, ìdí á yọ̀ lórí rẹ̀, ara á yí láìro ó. Kí wọ́n sì yọ ọ̀rá náà kúrò kí mọ́tò tó gbéra. Kí ẹnikẹ́ni má fà á lápá. Kí wọ́n na ọwọ́, kí òun fúnra rẹ̀ dì í mú, nítorí òun ló mọ ibi tó ń dùn ún. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ló ń ṣáájú gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń ṣáájú bọ́ sílẹ̀. Ní ojú ọ̀nà, kí dírẹ́bà máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí kan, kí orúnkún má bàa gan.

Àwọn ará Ìbàràpá ju ẹni tí à ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Sòbìà bá wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ìdèrè, ìlú kan ní Ìbàràpá, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àrùn náà, nígbà tó ń mú kí àgbẹ̀ má lè dé oko, kí ọmọ má lè dé ilé ìwé. Asẹ́ omi àti omi mímọ́ ló lé e lọ, ọdún 2013 sì ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Àwọn baba wa ló ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Wọn kò ní kí aláìsàn dúró nílé kí á wá máa ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní kí á pe ẹni tàbí ohun tó lè ṣe é, kí á tètè pè é.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn ẹni tó bá béèrè. Ní Èkó, òfin àwọn akanda ẹ̀dá ti wà láti ọdún 2011. Fún gbogbo Nàìjíríà, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin yìí fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà àti àwọn ohun mìíràn tó yẹ. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Òfin náà tún sọ pé lórí ìlà, ẹni tí ara rẹ̀ kò pé ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Nítorí náà, ẹni tó béèrè ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbi ìgbafẹ́ kò tọrọ àánú. Ẹ̀tọ́ ló ń béèrè.

Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, màmá fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n bi í: "Màámi, kí lẹ fẹ́ rí?" Ó lè jẹ́ pé orí àpáta kò jẹ ẹ́ lógún. Ó lè sọ pé Ìtòkú, ọjà aláàdìrẹ tí kò jìnnà sí Òlúmọ, lòun fẹ́ dé, kí òun jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan, kí wọ́n máa tẹ́ aṣọ síwájú òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìdílé Lánlátẹ̀ yìí bá béèrè bẹ́ẹ̀ lálẹ́ Ẹtì, tí wọ́n sì gbé àpótí sínú bọ́ọ̀sì, nírọ̀lẹ́ Sátidé wọ́n á bá màmá níwájú ilé, pẹ̀lú àdìrẹ tuntun lórí itan rẹ̀, tó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ júwe fún aládùúgbò bí Abẹ́òkúta ṣe rí.