Bí Òkúta Bá Ta Bá Mọ́tò Yín

Lójú ọ̀nà tí a da òkúta wẹẹrẹ sí, táyà ọkọ̀ tí ó wà níwájú lè ta òkúta bá mọ́tò yín. Bí ọ̀dà bá bó tí irin sì hàn, omi àti atẹ́gùn yóò mú un dógùn-ún, ìpẹtà yóò sì máa jẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀dà.

Bí ojú ibẹ̀ bá kéré, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á, ẹ fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà kùn ún, kí ẹ tó fi ọ̀dà tí ó bá àwọ̀ mọ́tò mu lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí irin bá tẹ̀ wọnú, iṣẹ́ panẹbítà nìyẹn.

Ta ni yóò sanwó? Inṣọ́ránsì tí òfin Nàìjíríà fi dandan lé, tí owó rẹ̀ fún mọ́tò ara ẹni di náírà 15,000 ní ọdún 2023, wà fún ẹlòmíràn tí mọ́tò yín bá ṣe ní jàǹbá. Kò ní tún tiyín ṣe. Èyí tí ó kárí mọ́tò tiyín lè sanwó, ṣùgbọ́n ó lè ní iye tí ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín san. Bí iye náà bá jẹ́ náírà 20,000, tí àtúnṣe sì jẹ́ 25,000, náírà 5,000 péré ni ẹ ó gbà, ẹ sì lè tìtorí rẹ̀ pàdánù ẹ̀dínwó ọdún tí ń bọ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín tún irú èyí ṣe. Bí àtúnṣe bá wọ́n gan-an, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kí panẹbítà tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má fi falẹ̀: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.