Sísè Ìrẹsì Ìgbẹ́ àti Ìrẹsì Pupa Nínú Ìkòkò Prẹ́ṣọ̀ Oníná Mànàmáná

Ìrẹsì ìgbẹ́ jẹ́ koríko olómi tó ń so hóró gígùn, dúdú, tí òórùn rẹ̀ jọ ti ẹ̀pà yíyan. Inú àwọn adágún Àríwá Amẹ́ríkà ló ti ń hù, pàápàá ní Minnesota. Ní oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, àwọn Ojibwe, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, a máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kó o. Ẹnì kan á fi ọ̀pá ti ọkọ̀, èkejì á fi igi kan tẹ orí ọkà náà wá sínú ọkọ̀, á sì fi igi kejì lù ú kí hóró lè já sílẹ̀. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Minnesota sọ ọ́ di ọkà àmì ìpínlẹ̀ náà.

Áfíríkà ní ìrẹsì ìgbẹ́ tirẹ̀, Oryza barthii, tó ń hù ní àbàtà àti etí odò. Òun ni ìyá ìrẹsì Áfíríkà, Oryza glaberrima, tí àwọn àgbẹ̀ òkè odò Ọya ti ń gbìn láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Bí hóró ìrẹsì ìgbẹ́ yìí bá ti gbó ló ń já dànù, nítorí náà àwọn tó ń kó o ní Sahel kì í fi dòjé gé e. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá orí rẹ̀ kí hóró lè bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ náà.

 Ní Idigny, ní kọ́múnù Kétu ní Benin, àgbàdo, ẹ̀wà, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ sábà ń gbìn, kì í ṣe ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì tí wọ́n ń tà ní Benin ti Éṣíà wá. Àwọn ibi bíi Glazoué àti Malanville ló ń pèsè ti ìbílẹ̀. Ìrẹsì ìbílẹ̀ tí wọn kò bó èèpo inú rẹ̀ dànù, tó ṣì pupa, ló sún mọ́ ìrẹsì ìgbẹ́ jù lọ lórí iná, ìlànà kan náà ló sì ń sè méjèèjì.

Ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́ lórí iná

Èèpo fẹ́lẹ́ tó bo hóró kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé. Nínú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná ju dígírì 100 lọ, bó ti wù kí igi tàbí èédú pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó. Iná tó bá lé kàn ń sọ omi di ooru tó ń fò lọ ni. Ìdí nìyí tí ìrẹsì ìgbẹ́ fi ń gba ìṣẹ́jú 45 sí 60, tí ìrẹsì pupa sì ń gba nǹkan bí 40.

Ìkòkò prẹ́ṣọ̀ ń sé ooru náà mọ́lé. Ooru tó há á máa tẹ omi mọ́lẹ̀, omi kò sì ní hó títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí dígírì 115. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú ìkòkò yìí jáde ní 1679. Èyí tó ń lo iná mànàmáná ní ohun tó ń wọn ìgbóná, tó ń tan iná, tó sì ń pa á fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń sè é

Kí a fẹ́ ìrẹsì, kí a ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, kí a sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Kí a dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣíbí òróró kan, nítorí òróró ń dín ìfóòfó kù. Kí ohun inú ìkòkò má ṣe kọjá ìdajì. Fún ife ìrẹsì kan:

– Ìrẹsì ìgbẹ́ Amẹ́ríkà: omi ife 2, ìṣẹ́jú 25.
– Ìrẹsì pupa: omi ife 1¼, ìṣẹ́jú 22.
– Ìrẹsì funfun: omi ife 1¼, ìṣẹ́jú 8.

Ìgbà tí ooru bá kún inú ìkòkò ni aago rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí àkókò bá pé, kí a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí a tó tú ooru tó kù. Ẹni tó bá tú u lójijì, omi ìrẹsì gbígbóná lè tú jáde láti ojú ihò. Ìrẹsì ìgbẹ́ tó jinná á là, funfun inú rẹ̀ á hàn. Omi tó bá ṣẹ́ kù, kí a sẹ́ ẹ. Ìrẹsì tuntun kì í fa omi tó èyí tó ti pẹ́ nínú àpò, nítorí náà kí a dín omi rẹ̀ kù díẹ̀.

Àtàsì, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, rọrùn nínú ìkòkò yìí. Bí a bá ń lo ìrẹsì funfun, ẹ̀wà ní láti ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìrẹsì pupa àti ẹ̀wà gbígbẹ lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: ife ìrẹsì 2, ife ẹ̀wà 1, omi ife 4½, ìṣẹ́jú 22.

Iná àti ìtọ́jú

Ìkòkò lítà 6 sábà máa ń gba 1,000 wáàtì. Lórí iná 220 fóólìtì ti SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Benin, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí áḿpù 4.5, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè yọ́ lábẹ́ rẹ̀, sólà kékeré tó ń tan gílóòbù kò sì lè gbé e. Bí iná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára ṣí ọmọrí. Kí a dúró títí irin kékeré orí rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Ìrẹsì á máa jinná lọ nínú ooru tó kù.

Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí a yọ rọ́bà ọmọrí, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì yẹ ihò ooru wò bóyá hóró há síbẹ̀. Rọ́bà tó bá ti sán, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ìrẹsì tó bá ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ sun ìta mọ́jú, nítorí kòkòrò àrùn máa ń pọ̀ sí i nínú ìrẹsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìgbóná kejì kì í sì í pa májèlé rẹ̀. Níbi tí kò bá sí fíríìjì, ìwọ̀n tí ilé lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ni kí a sè.