Ẹ̀rọ Yọ́, Ìgbẹ́kẹ̀lé Tẹ̀ Lé E

Oró tó ń jáde lára ẹ̀rọ núkílíà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ahọ́n. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀fọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí ẹni tó mú ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́wọ́ bá sọ ló máa gbà. Bí onítọ̀hún bá ti purọ́ rí ńkọ́?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun Japan. Àwọn ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ núkílíà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó iná mànàmáná Fukushima Daiichi dáwọ́ dúró fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Àmọ́ ohun tó wà nínú wọn dà bí ẹ̀yinná abẹ́ eérú: ó ṣì ń mú ooru jáde, omi ló sì gbọ́dọ̀ máa mú un tutù láìdáwọ́ dúró. Òkun ya wọlé, ó ga tó mítà 14, ó bo àwọn jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa fún ẹ̀rọ tó ń fa omi náà níná. Ríákítọ̀ mẹ́ta yọ́. Àwọn tó filé sílẹ̀ lé ní 150,000.

Iléeṣẹ́ iná mànàmáná TEPCO ló ni ibẹ̀. Àṣírí ti tú ní 2002 pé wọ́n ń yí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀rọ padà. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí, ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó jẹ́wọ́ pé ríákítọ̀ yọ́. Ní 2016, ọ̀gá TEPCO tọrọ àforíjì pé ọ̀gá kan tó ti jẹ ṣáájú òun ló pàṣẹ kí wọ́n má dárúkọ yíyọ́ yẹn rárá. Èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo Onagawa, ibùdó núkílíà mìíràn tó tiẹ̀ sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì ju Fukushima lọ. Orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n kọ́ ọ sí, kò yọ́, inú ọgbà rẹ̀ sì ni àwọn ará àdúgbò tí omi gbé ilé wọn lọ sá sí.

Ríákítọ̀ 54 ni Japan ní kí ìjàǹbá yìí tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún 2012, kò sí ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́. Títí dòní, ìjọba kì í fẹ́ tan èyíkéyìí padà láìjẹ́ pé gómìnà àgbègbè náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní 2022, ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tako núkílíà rọ̀. Ṣùgbọ́n ní Kashiwazaki-Kariwa, ibùdó núkílíà kan tó jẹ́ ti TEPCO, òṣìṣẹ́ kan ti fi káàdì ẹlòmíràn wọ yàrá ìdarí ẹ̀rọ ní 2020. Àjọ amójútó ọ̀rọ̀ núkílíà kò gbà kí wọ́n tan ibẹ̀ títí di ìparí 2023.