Òótọ́ àti Irọ́: Ooru Nìkan Kì í Mú Irè Oko Gbẹ

Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, tó sì bá a dé Ìkọ̀lé ní oṣù kẹjọ, á rí àgbàdo tí wọ́n sá sórí ọ̀rá dúdú lẹ́bàá ọ̀nà, á sì rí àwọn tó ni ín tí wọ́n ń wojú ọ̀run. Bí òjò kò bá dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ a máa kó o wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á gbé àdògán èédú sí àárín, wọ́n á ní kí iná bá oòrùn ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn irú yàrá bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ wò ó: páànù ń kán tótó, ògiri ń làágùn, àgbàdo ìsàlẹ̀ gbóná mọ́ni lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ lórí ọ̀nà yìí nìyí, pẹ̀lú òótọ́ ibẹ̀.

Irọ́: Ooru ló ń mú nǹkan gbẹ. Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ooru má bàa jáde.

Òótọ́: Ooru ń lé omi jáde nínú hóró, afẹ́fẹ́ ló ń gbé omi náà lọ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rọ́nà, omi tí a lé jáde kò kúrò nílé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àgbàdo 100 kílò ni a kó wọlé, tí omi sì jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Kó tó dé ìdá 13 tó ṣeé tọ́jú, nǹkan bí lítà omi 14 gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Ìyẹn ju ìdajì kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ. Bẹ́ẹ̀, bí yàrá bá gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 2.5, tí ooru inú rẹ̀ jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò lè gba omi tó lítà kan. Bó bá ti kún, ó kún náà nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí páànù bá tutù, oru omi á di omi padà lára rẹ̀, á sì máa kán padà sórí àgbàdo tí ó ti inú rẹ̀ jáde.

Irọ́: Iná gáàsì gbẹ ju iná igi lọ, kò lè mú ọ̀rinrin wá.

Òótọ́: Iná gáàsì ń bí omi. Kílò gáàsì ìdáná kan tó bá jó tán á tú oru omi tó lé ní lítà kan ààbọ̀ jáde. Ẹni tó bá dá iná gáàsì sínú yàrá àgbàdo láìṣí ojú afẹ́fẹ́, omi ló ń fi kún omi.

Irọ́: Èédú kì í rú èéfín, kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Òótọ́: Èédú tó ń jó ń tú gáàsì carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tí ẹ̀mí wa rọ̀ mọ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni, oorun á sì kunni. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tú u jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn ti àdògán nínú yàrá, ìbáà jẹ́ torí àtiṣọ́ àgbàdo, ìbáà jẹ́ torí otútù ọyẹ́. Bí gáàsì yìí bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbé ẹni náà síta, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó.

Irọ́: Inú ilé náà ni àwọn baba wa ti ń mú àgbàdo gbẹ, lórí àjà ilé ìdáná; ohun kan náà ni àwa ń ṣe.

Òótọ́: Wọ́n ṣe é, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Koríko tàbí ewé ni wọ́n fi bo ilé, igi àti ọparun ni wọ́n tò ṣe àjà, ṣùkù àgbàdo lódindi ni wọ́n kó sí i. Ooru ààrò ń gòkè, ó ń gba àárín ṣùkù kọjá, ó sì ń gba òrùlé jáde pẹ̀lú omi. Èéfín náà ń lé kòkòrò sẹ́yìn. Lónìí, páànù ló wà lókè, àgbàdo bíbọ́ ló sì wà nínú àpò. A mú iná àwọn baba wa, a fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọn sílẹ̀.

Irọ́: Iná igi tàbí títì ọlọ́dà kì í ṣe kòkó ní nǹkan kan.

Òótọ́: Nǹkan bí ìdajì hóró kòkó gbígbẹ ni ọ̀rá, ọ̀rá sì ń fa òórùn mọ́ra. Kòkó tó bá ti gba èéfín, kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò. Láti ọdún 2013 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n sí májèlé èéfín nínú kòkó. Ọ̀dà títì àti èéfín ọkọ̀ náà ń kó irú rẹ̀ bá a. Bí iná bá sì le jù, èèpo á gbẹ ṣáájú inú, kíkan tó yẹ kó jáde á há sínú hóró. Pẹpẹ ọparun tó ga kúrò nílẹ̀ ló dára jù. Bí òjò bá sọ iná di dandan, kí iná wà níta, kí páìpù gbé ooru gba abẹ́ pẹpẹ, kí èéfín sì gba ibòmíràn lọ.

Irọ́: Bí àgbàdo bá bu, a ó tún un sá, á sì dára.

Òótọ́: Ewú tó ń hù lára àgbàdo tí kò gbẹ lè bí májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísá lóòrùn kì í mú un kúrò, sísè kì í pa á tán. Ní Kenya ní ọdún 2004, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ fa àìsàn májèlé aflatoxin. Ènìyàn 317 ló kó o, 125 nínú wọn ló kú. Àgbàdo tó ti bu kò yẹ fún ògì ọmọ, kò sì yẹ fún adìẹ.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ẹ tẹ́ àgbàdo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí pẹpẹ, kó má ga ju ìka mẹ́ta lọ, kí ẹ sì máa yí i. Bó bá di dandan kó wọlé, ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ lápá kan, kí ẹ ṣí òmíràn lókè lápá kejì, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Iná kò gbọ́dọ̀ bá ènìyàn gbé yàrá.

Kí ẹ tó dì í sápò, ẹ fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ wá ìgò gbígbẹ tó mọ́, tó sì ní ọmọrí. Ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan lé e, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbé e jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. ADP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìkọ̀lé. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá wo pẹpẹ yín.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kí ẹ tó dáná, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi máa gbà jáde. Yàrá tí omi kò rọ́nà jáde níbẹ̀, gáàsì èédú náà kò ní rọ́nà jáde. Fèrèsé kan náà ló ń gba àgbàdo là, òun ló sì ń gba ẹni tó ń ṣọ́ ọ là. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ má sì sùn ti iná.